Ẹní Tí Ẹnikẹ́ni Kò Hun

Ní Ọ̀gọ̀tùn, a mọ ẹní.
A mọ èyí tí wọ́n hun fún ìyàwó,
èyí tí wọ́n ká sẹ́yìn ilẹ̀kùn de àlejò,
a mọ èyí tí wọ́n fi ń di òkú láyé àtijọ́.
Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá nísàlẹ̀ odò Àyìnrín
láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn òjò,
n kò mọ ọwọ́ tó hun ún.
Ó tẹ́ láti bèbè dé bèbè,
ó pupa rúsúrúsú,
ó kúná bí àtíkè ọrùn ọmọ tuntun.
Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó gbé e mì dé kókósẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje
Yèyé Ìbílọlá a máa rẹ ewé ẹní rẹ̀ síbẹ̀.
Bí mo bá fẹ́ ṣí òkúta, á ní, "Rọra.
Ulé ni."
Á sì dúró tì mí títí n ó fi dá a padà,
ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ilé ni lóòótọ́.
Alákàn kékeré ń fẹ̀gbẹ́ rìn wọlé,
ìṣáwùrú lẹ̀ mọ́ ògiri bí bọ́tìnnì,
ọmọ lámilámi tí kò tíì níyẹ̀ẹ́ ń ṣọdẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Ọ̀kan wà tí n kò mọ orúkọ rẹ̀,
oníru mẹ́ta, ìyẹ́ wínníwínní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀,
ó ń fi wọ́n fẹ́ omi bí ẹni ń fẹ́ná:
ibẹ̀ ló ti ń mí.
Òmíràn ń ṣa yanrìn, ẹyọ kan, ẹyọ kan,
ó ń fi òwú ẹnu rẹ̀ rán an pọ̀,
ó kọ́ yàrá tó gba òun nìkan.
Bíríkìlà tí kì í gba kọ́bọ̀.

Oṣù Ẹrẹ̀nà ni katapílà dé.
Bámitálẹ̀ ló ń wà á, ọmọ dáadáa, ó ń kí tàgbà tèwe.
Ó bó òkè bí ẹni ń bó iṣu
nítorí ọ̀nà tuntun tó fẹ́ já sí Ìgbàrà-Odò.
A fẹ́ ọ̀nà náà. Èmi gan-an buwọ́ lùwé.
Ilẹ̀ pupa dùbúlẹ̀ láìláṣọ,
òjò sì bá a bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní omi tó dàrú ń bọ̀ wá tòrò.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹta, omi tòrò,
o lè ka eyín ara rẹ nínú rẹ̀.
Ìsàlẹ̀ ni kò tòrò.
Ohun tí omi sọ̀ kalẹ̀, ta ni yóò rù ú?

Ojúọlápé, ọmọ kíláàsì mi, gbé asẹ́ ògì ìyá rẹ̀ wá.
Lọ́dún tó kọjá, nínú asẹ́ kan ṣoṣo,
oníru-mẹ́ta mọ́kànlélógójì.
Lónìí, méjì. Ọ̀kan ti kú.
Ó gbé awò sójú, ó wò ó pẹ́:
ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ tó jábọ́ sínú ẹrẹ̀.
"Ṣé gbogbo wọn ló kú, sà?"
Mo ní àwọn mìíràn jáwọ́ lára òkúta lóru,
wọ́n ní kí omi máa gbé àwọn lọ.
"Lọ síbo?"
Mo ń nu asẹ́.

Ekòló pupa tín-ín-rín ló kù,
wọ́n ń mì jẹ̀jẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ara tù wọ́n.

Ilé kò wó. Ìyẹn ló ṣòro láti ṣàlàyé fọ́mọ.
Òkúta wà níbi tí Yèyé bá a.
Àlàfo ni kò sí mọ́,
ilẹ̀kùn, fèrèsé, ibi tí èémí ń gbà wọlé.

Ojúọlápé gbé òkúta kan,
ó fi etí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ nù ún títí ó fi dán,
ó dá a padà, ẹ̀yìn sókè, ikùn nísàlẹ̀.
Ta ló kọ́ ọ?
Ohun tó nù kúrò di èéfín pupa nínú omi,
ó rọra ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀.

Lókè, katapílà dákẹ́.
Ojú ọ̀run ń ṣú bọ̀ láti ìhà Ẹ̀fọ̀n.